Omi Pupa Ẹ̀yìn Ìsọ̀: Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ, Kí A Tó Pe Púlọ́ńbà

  

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì la fẹ́ kọ, kì í sì í ṣe ìjà orí ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni. Omi bọ́hòlù ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́pupuru yẹn, tó máa ń mọ́ gaara bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì ti pọ́n bí omi osùn kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi àwa akọ̀wé pé: owó tí ẹgbẹ́ dá sórí ẹ̀rọ omi, níbo ló wọlé sí? Ìbéèrè náà tọ́. A óò sọ bó ṣe jẹ́ láìfi kan bò, torí pé àwa náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí omi náà ń fi ojú wa rí. Ẹni tó bá fi rẹ pákí, pákí rẹ̀ á ràwọ̀. Oníbàárà tó wá ra pupuru á fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti gba èéfín, á wo inú bóyá ó funfun. Bí kò bá funfun, á gbé e padà sórí àtẹ, á sì kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fùfú. Aṣọ funfun tí a rà láti fi sin ìyá ọ̀kan nínú wa, ẹ̀ẹ̀mejì péré la fi omi yẹn fọ̀ ọ́, ó di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń pọ́n, ìdí ìkòkò ń pọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, owó wa ló ń bá omi lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin kan wọlé dé láti ìlú ńlá, ó de táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn wa yìí, ó gbé ìwé aláwòrán dání. Ó fi ife bu omi wa, ó gbé e sókè, ó mirí. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, omi yín le. Sọ́fínà lẹ máa rà, ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀." Ọ̀kan nínú wa bi í pé báwo ni omi ṣe ń le, ó ní àlàyé rẹ̀ gùn, pé àwọn olówó Lẹ́kí ní Èkó gbogbo ló ń lò ó. Ibẹ̀ ló ti mú wa. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún àwa obìnrin ọjà pé olówó ń lo nǹkan, ọwọ́ wa á ti wà ní kókó etí ìró.

A dá owó. Oníṣọ́ọ̀bù dá, alátẹ dá, ẹlẹ́ja dá, a tún yọ nínú àpò ẹgbẹ́ fi kún un. Ọkùnrin náà mú púlọ́ńbà tirẹ̀ wá, ọmọdékùnrin kan tí gbogbo ohun tí a bá bi í, "bẹ́ẹ̀ ni mà" ló ń dáhùn. Wọ́n gbé ohun gígùn kan kalẹ̀ bí àgbá gáàsì, wọ́n gbé àgbá kejì tì í, wọ́n ní iyọ̀ ni a óò máa dà sínú ìyẹn. Omi wọlé, omi jáde. A pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò.

Oṣù kan kò pé tí omi tún fi pọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, omi kò tilẹ̀ fẹ́ jáde mọ́, ó ń kán tó, tó, tó. A pe ọkùnrin náà lórí fóònù, ó ní iyọ̀ ni kò tó. A da iyọ̀ sí i. A tún pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ títí di òní.

Ìyá kan nínú àwọn aláta ló sọ pé kí a lọ bá bàbá púlọ́ńbà kan nínú ìlú wa níbí, ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ayé DFRRI, nígbà tí ìjọba ológun ń gbẹ́ bọ́hòlù káàkiri abúlé lẹ́yìn 1986. Ojú ń tì wá láti lọ, nítorí àwa náà ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ pè é. Bàbá dé, wọn kò bínú, wọn kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tú ẹnu ohun gígùn náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja ló kún inú rẹ̀. Ó yẹ kó máa dán, àmọ́ ẹrẹ̀ pupa ti bò ó, ó ti dì pọ̀.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ìyá, ta ló sọ fún yín pé omi Ìkálẹ̀ le?"

A dákẹ́.

Wọ́n ní kí a wá omi òjò wá. A rí i lọ́dọ̀ ìyá oníyán, tó gbà á sínú agbada. Wọ́n ní kí a wá ọṣẹ, kì í ṣe ti páńdà o, ọṣẹ pàlàbà tí a fi ń fọṣọ. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ìwọ̀n kan náà sínú ìgò méjì, ọ̀kan omi òjò, èkejì omi bọ́hòlù wa. Wọ́n ní kí ọmọ kan mi méjèèjì. Ọṣẹ hó nínú ti òjò, ó hó nínú tiwa náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹnu ìgò. Bàbá ní, "Ẹ rí i? Bí omi bá le, ọṣẹ kò ní í hó bọ̀rọ̀. Á dì sí wẹ́wẹ́ bí wàrà tó bàjẹ́, á léfòó sórí omi. Omi yín rọ̀ bíi ti òjò. Ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ lẹ rà fún omi tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìgbà náà la tó mọ ohun tí líle omi jẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa akọ̀wé yín kà, ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ yé wa, a óò sì sọ ọ́ bó ṣe yé wa. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá ló máa ń le. Á gbé èròjà méjì lára òkúta náà, kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù, wọ́n á yòrò sínú rẹ̀, ojú kò ní í rí wọn. Bí wọ́n bá ń se irú omi bẹ́ẹ̀, èérí funfun kan á máa dì mọ́ inú kẹ́tùlù bí ẹfun. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Omi ibẹ̀ ń gba inú òkúta ẹfun kọjá, wọn a sì máa họ kẹ́tùlù wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ẹ lọ sí Ewékorò tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fi ṣe símẹ́ńtì láti 1960, tàbí Ṣágámù, tàbí Ìbèṣè. Kànga tí wọ́n bá gbẹ́ sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ lè le, ẹ̀wà á sì máa pẹ́ kó tó rọ̀ lórí iná. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, tó sì ní owó, kò jẹ̀bi bó bá ra sọ́fínà.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Iyanrìn àti iyẹ̀pẹ̀ pupa. Orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́ sí wa létí látọjọ́ yìí: òkìtì pupa. Kí ló pọ́n nínú rẹ̀? Irin ni. Irin tó ti dógùn-ún ló ń fún iyẹ̀pẹ̀ ní àwọ̀ yẹn, òun náà ló sì wà nínú omi wa. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, irin náà á yòrò sínú omi, omi á mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí a bá fà á jáde, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún nínú omi, bí ọ̀bẹ tí a gbàgbé sínú òjò ṣe ń dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi ń mọ́ láàárọ̀ tó sì ń pọ́n lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé ẹnì kan da nǹkan sí i, kì í sì í ṣe àjẹ́, a bẹ̀ yín. A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ nípa ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ bọ́hòlù yẹn. Ó yẹ kí a lọ bẹ̀ wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin wà nínú omi ilé yín, ọ̀nà kan wà tí kò ná ju tíì Lipton kan lọ. Ẹ fi omi òjò gbígbóná pọn tíì náà kó nípọn. Ẹ bu omi bọ́hòlù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sínú ife kan, omi òjò sínú ife kejì, kí ẹ da tíì náà sí méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tí irin wà nínú rẹ̀ á dúdú bí yíǹkì. Omi gbígbóná tí a fi ewé gúáfà sè náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tiwa dúdú débi pé ọmọ kan bèèrè bóyá a lè fi kọ̀wé.

Ẹ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè nítòsí wa yìí ní oṣù kẹrin ọdún 2015, tí àwọn èèyàn ń kú, tí ojú àwọn míì ń fọ́. Oríṣiríṣi la gbọ́ nígbà náà: wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n tó rí i pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí olóró, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ojú lásán kò lè sọ ohun tó wà nínú omi tàbí nínú ọtí.

Àwọn kan tún wá bá wa pé epo ni, pé ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé nǹkan kan ń dán lójú omi náà bí òṣùmàrè. A mọ̀ pé ọ̀dà wà ní Agbábù, àwọn kan ti wá gbẹ́ ilẹ̀ wò lágbègbè yẹn kí ogun 1914 tó dé. Ṣùgbọ́n bàbá púlọ́ńbà kọ́ wa bí a ṣe lè dá méjèèjì mọ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ojú ibi tó ń dán yẹn. Bí ó bá fọ́ yángá-yángá bí àwo, tí kò sì pa pọ̀ mọ́, ti irin ni. Bí ó bá ṣàn yí igi náà ká, tó sì tún pa pọ̀, epo nìyẹn, ẹ má ṣe mu ún o, ẹ wá ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwa fọ́ yángá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sọ́fínà, torí pé àwọn tó ń tà á ṣì máa padà wá. Ohun tó ń ṣe kò ju pàṣípààrọ̀ lọ, iṣẹ́ tí àwa ọjà mọ̀ jù. Nǹkan wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja yẹn á gba kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù lọ́wọ́ omi, á sì fi sódíọ̀mù tó wá láti inú iyọ̀ rọ́pò. Nígbà tó bá yá tí sódíọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ tán, wọ́n á fi omi iyọ̀ ṣàn án kó tún lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó rà á yóò máa ra iyọ̀ títí ayé. Èyí tó ń ṣan ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ tún nílò iná mànàmáná, àwa ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú òkùnkùn sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ti ní kó dín iyọ̀ kù, kò yẹ kó máa mu omi tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Irin ni ọ̀tá rẹ̀ pátápátá. Irin tó bá ti dógùn-ún á lẹ̀ mọ́ ara ẹyin ẹja yẹn, omi iyọ̀ kò sì ní í lè ṣàn án kúrò. Ohun tó pa tiwa nìyẹn láàárín oṣù méjì.

Àwọn ẹlẹ́ja wa láti Ìlàjẹ bi wá ní ìpàdé bóyá yóò wúlò fún omi oníyọ̀ tiwọn. Rárá o. A mọ̀ pé wọ́n gbọ́ pé iyọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ yìí ń lo iyọ̀ ni, kì í yọ iyọ̀ òkun kúrò nínú omi. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn, èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, owó rẹ̀ sì pọ̀. Omi òjò tí ẹ ń gbà sínú táǹkì sàn fún yín ju ohun tí ọkùnrin oní-táì yẹn ń tà lọ.

Ohun tí bàbá ṣe fún wa nìyí. Wọn kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n bu omi lẹ́nu bọ́hòlù gan-an, wọ́n tún bu ti táàpù tó jìnnà jù, wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti táàpù pọ́n ju ti ẹnu bọ́hòlù lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní páìpù wa ń jẹ́rìí sí i. Omi wa kan díẹ̀, bíi ti òròm̀bó tí a fi omi là, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n irin mọ̀ ọ́n. Omi tó kan a máa jẹ páìpù onírin láti inú. Wọ́n gé apá kan fún wa wò, ihò tó yẹ kó gba àtàǹpàkò kò gba ìka kékeré mọ́. Nítorí náà wọ́n yọ gbogbo páìpù onírin kúrò, wọ́n fi onírọ́bà rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ẹnu páìpù tó ń bọ̀ láti inú bọ́hòlù ga sókè táǹkì kìíní, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára bí ajere, kí omi máa rọ̀ bí òjò gba orí apẹ̀rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ méjì kó tó bọ́ sínú táǹkì. Gbogbo iṣẹ́ ìyẹn ni kí atẹ́gùn fẹ́ sí omi, kí irin tètè dógùn-ún níbẹ̀ dípò kó lọ dógùn-ún nínú fùfú wa. Nítorí pé omi kíkan kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kíá, wọ́n da òkúta ẹfun fífọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀: òkúta ẹfun, ohun gan-an tó ń mú omi le! Ohun tí sọ́fínà ń yọ kúrò nínú omi, àwa ń dá a padà sínú tiwa.

Omi á sùn nínú táǹkì di ọjọ́ kejì, ìdọ̀tí pupa á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Táàpù tó ń gbé omi jáde kò sí nídìí táǹkì, ó ga ju ìdí lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìdí gan-an ní táàpù tirẹ̀ tí a fi ń da ẹrẹ̀ nù. Ohun gígùn tí a rà lówó ńlá yẹn, bàbá kò sọ ọ́ nù. Wọ́n da ẹyin ẹja inú rẹ̀ nù, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n fi yanrìn odò tí a fọ̀ tí a sì jọ̀ kún un. Ó di asẹ́. Omi láti táǹkì kìíní ń gba inú yanrìn náà lọ sí táǹkì kejì. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, a ó yí fáàfù kí omi gba ìsàlẹ̀ gòkè, kó lè ti ìdọ̀tí jáde. Bí a kò bá ṣe é, yanrìn á dí, ká má tún pe ẹnì kan ní olè.

Owó tí bàbá gbà àti owó ọjà tí a rà kò tó ìdá mẹ́rin owó sọ́fínà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá. Ṣé omi náà ti wá dà bí ti òjò? Kò dà bẹ́ẹ̀. Tíì tí a fi dán an wò ṣì ràwọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n fùfú ti funfun padà, àwọn ẹlẹ́pupuru kò sì lọ pọn omi lọ́nà jíjìn mọ́. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ wa tó jáde lọ́dún 2007 ní irin kò gbọdọ̀ ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, líle omi kò sì gbọdọ̀ ju 150 lọ. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ iye tó wà nínú tiwa. Yunifásítì wà ní Òkìtìpupa nítòsí, ìpàdé ti rán ẹni méjì láti lọ béèrè bóyá wọ́n lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe omi sílé tiyín, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí lórí ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà. Púlọ́ńbà tó bá dárúkọ ẹ̀rọ kó tó béèrè fún ọṣẹ, ẹ sá fún un. Ẹ ní kó mú yín lọ wo iṣẹ́ tó ti ṣe ní ọdún kan sẹ́yìn, kì í ṣe ti àná, torí páìpù tuntun gbogbo ni kì í jò. Ẹ bi onílé yẹn ní kọ̀rọ̀ bóyá ó padà wá nígbà tí wọ́n pè é. Ẹ bèèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti bóyá ó gba fríídọ̀mù. Ẹ̀yin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ lórí agolo gàrí, kí ló dé tí ẹ máa ń kó owó ọjà fún púlọ́ńbà kó lọ dá rà á? Ẹ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fọwọ́ tẹ páìpù wò, èyí tó bá tẹ̀ wọlé bí ìgò pọ́ọ̀wọ́tà kò ní í pẹ́. Gọ́ọ̀mù tó ti gan nínú agolo, ẹ dá a padà. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀.

Owó iṣẹ́, ẹ má san án tán lẹ́ẹ̀kan. Àwa san án tán lọ́jọ́ tí a ya fọ́tò. Bàbá púlọ́ńbà fúnra wọn ló ní kí a fi ìdá mẹ́ta kan dúró títí omi yóò fi ṣàn fún ọ̀sẹ̀ kan láìjò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rù irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó fi fáàfù sí ẹnu ọ̀nà ohun gbogbo, kí ẹ lè ti omi pa láìpe ẹnikẹ́ni nígbà tí páìpù bá bẹ́ lóru. Ẹ ní kó fi ọwọ́ yín yí i kó tó lọ. A mọ ìyá kan tí omi kún inú yàrá rẹ̀ mọ́jú, fáàfù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó fi hàn án.

Nípa aṣọ tó ti pọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da Jik sí i. Jik tún ń mú irin dógùn-ún sí i ni, àbààwọ́n náà á wá dì pa. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kí ẹ fi pa ojú ibẹ̀, kí ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ fi omi òjò ṣàn án. Aṣọ òkú ìyá yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó jọ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí bàbá tẹnu mọ́. Irin tó hàn sí ojú kọ́ ló ń pa ọmọ, àìsàn tí ojú kò rí ni. Kò sí sọ́fínà tàbí yanrìn tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé láti pa kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru. Álọ́ọ̀mù náà, ẹrẹ̀ ló ń rọ̀ sísàlẹ̀. Kànga tàbí bọ́hòlù yẹ kó jìnnà sí ṣáláńgá ní 30 mítà, ó kéré tán. Ẹ wọn tilé yín, ẹ fẹsẹ̀ kà á. Omi tí ọmọ máa mu, ẹ sè é kó hó. Omi ọjà wa, fún ìfọ̀ àti rírẹ pákí ni, a kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni mu ún títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé.

Yíyí fáàfù àti dída ẹrẹ̀ ìdí táǹkì nù yóò máa kan ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ kí ọjà tó kún. Ẹlẹ́pupuru ló kan lọ́sẹ̀ yìí, aláta ló tẹ̀ lé wọn, ẹlẹ́ja, lẹ́yìn náà alásọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá oníyán. Kí ẹni tó bá kàn mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání, torí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ti di àwátì láti ọjọ́ ọjà tó kọjá, ẹni tó bá mú un kó dá a padà.